Wáyà Tó Ń Bẹ̀rù Òkùnkùn

Wáyà kan ló wà lórí tábìlì láàrin wa, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, èèpo rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ọ̀gá mi mú abẹ, wọ́n họ ara ọ̀kan nínú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Pupa ojú rẹ̀ ṣí kúrò bí ọ̀dà tó gbó, funfun sì yọ lábẹ́ rẹ̀.

"Kí lo rí?" ni wọ́n bi obìnrin tó jókòó síwájú wa.

"Funfun, mà."

"Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Kọ́pà ni, mà. Ó yẹ kó pupa dé inú. Èyí, álúmíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi kọ́pà pa á lójú ni." Ó gbé ojú kúrò. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má họ ọ́ mọ́. Mo ti rí i."

Ìyá Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé àti ọ́fíìsì. Ìjẹta la ti tì í mọ́lé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé wáyà ayédèrú ló fà sí yàrá Bàbá Aláago, arúgbó tó ń tún aago ṣe kí ẹsẹ̀ wọn tó rọ. Kámẹ́rà ló wà lẹ́nu wáyà náà, kí ọmọ wọn obìnrin, tó ń gbé nílùú mìíràn, lè máa ṣọ́ wọn. Bàbá ṣubú lóru, kámẹ́rà ti kú, kò sí ẹni tó rí wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá tètè gbé wọn ni, wọn ì bá má kú. Ní àárọ̀ ọ̀la la óò gbé Ìyá Wáyà lọ síwájú adájọ́, ẹ̀wọ̀n ló sì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn.

Èmi ni mo kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. N kò fẹ́ràn àwọn oníṣẹ́ wáyà. Gbogbo èyí tó ti wọ ilé mi rí ló gun àga mi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gá mi ni kò tíì gbà. Lẹ́yìn wọn, Ìyá Ta-ló-rí-i là ń pè wọ́n ní àgọ́ wa, torí kò sí ohun tí o lè sọ fún wọn tí wọn kò ní bi ọ́ pé, "Ta ló rí i?" Bí o wọlé tí omi ń kán lára aṣọ rẹ, tí o ní òjò ń rọ̀, wọn á ṣì bi ọ́.

"Ṣé ìwọ lo fa wáyà yìí?"

"Àwọ̀ rẹ̀ jọ tèmi, mà. Fìlà rọ́bà pupa ni mo fi sí ẹnu wáyà náà, wọ́n sì ní pupa náà ló wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ já. "Láti ìjẹta ni mo ti ń rò ó. Bóyá ẹni tó tà á fún mi ló tàn mí. Bóyá n kò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bóyá èmi ni mo pa Bàbá lóòótọ́."

"Ta ló rí ọ nígbà tí ò ń fà á?"

"Bàbá fúnra wọn ni, mà. Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi parí. Àwọn ni wọ́n ń na fìlà rọ́bà sí mi. Wọ́n ní pupa ni kí n lò, kí ojú àwọn lè máa rí i."

Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní, òun náà ni òkú tí à ń wádìí rẹ̀. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

"Sájẹ́ǹtì," ọ̀gá mi kọjú sí mi, "ta ló kọ́kọ́ họ wáyà yìí kí ó tó dé ọwọ́ wa?"

"Ọmọkùnrin Bàbá ni, mà. Òun ló gé díẹ̀ wá lẹ́nu rẹ̀ ní pálọ̀, ó so ìyókù padà, ó sì fi inú rẹ̀ hàn wá."

"Hùn-ún." Wọ́n sọ wáyà náà sínú báàgì. "Ẹ dìde, kí gbogbo wa máa lọ sílé Bàbá. Ìyá Wáyà náà ń bá wa lọ." Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú.

*

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Wáyà la kọ́kọ́ yà. Ìyókù wáyà rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú páálí. Ọ̀gá mi gé díẹ̀, wọ́n họ ọ́, ó pupa dé inú. Wọ́n tún fi ohun kan hàn mí láàrin àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ike funfun kékeré tó ní apá mẹ́rin bí àgbélébùú, tó ń ya okùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Wáyà inú báàgì wa kò ní irú rẹ̀.

"Ẹ̀rí kọ́ nìyẹn, mà," mo sọ fún wọn nínú ọkọ̀. "Ó lè ní méjì. Èyí tó dára á wà nílé fún àfihàn, èyí tí kò dára á lọ sí ilé onílé. Ọlọ́jà wo ni kì í to èyí tó rẹwà sókè?"

"Òótọ́ lo sọ," ni wọ́n dáhùn. "Nígbà mìíràn, orí rẹ máa ń pé."

Ilé Bàbá Aláago ní ilé iwájú, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìn, àgbàlá ló wà láàrin wọn. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ nígbà tí ara wọn kò yá mọ́. Aago ṣì kún ara ògiri. Ibùsùn kan wà, àga kan, kọ́ọ̀bù omi kan lórí pèpéle tó jìnnà díẹ̀ sí ibùsùn. N kò fẹ́ wo kọ́ọ̀bù náà. Omi yẹn ni Bàbá ń na ọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ṣubú.

Ọmọ wọn obìnrin, tó wá sílé nítorí ọ̀fọ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ni, alẹ́ ló sì máa ń ṣiṣẹ́. Bí ó ṣe rí Ìyá Wáyà lẹ́yìn wa ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí ni obìnrin yìí wá ṣe nílé bàbá mi?"

"Èmi ni mo mú un wá," ọ̀gá mi wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ sọ fún mi bí kámẹ́rà yìí ṣe máa ń ṣe."

"Lọ́sàn-án, kò sí wàhálà. Mo máa ń rí Bàbá kedere lórí fóònù mi. Tó bá ti di alẹ́, àwòrán á lọ, á dé, á tún lọ. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

"Ṣé bó ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn?"

"Rárá o. Nígbà tó ṣì tuntun, mo máa ń rí wọn lóru. Mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ."

"Alẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́?"

"Àwòrán lọ. Mo fi fóònù sápò, mo lọ fún bàbá ẹlòmíràn lómi."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá nígbà tó sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

*

Èmi ni mo rí ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí gèlè kékeré kan há mọ́. Inú mi dùn bí ẹni pé mo rí owó he. Olùtọ́jú tó máa ń wá wẹ Bàbá lójúmọ́ ni mo ké pè láti àgbàlá.

"Gèlè ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà."

"Kí ló ń ṣe lára kámẹ́rà?"

Ojú tì í. "Mo máa ń fi bo ojú rẹ̀ ni, sà, tí mo bá fẹ́ wẹ Bàbá. Wọ́n ní kò sí bí ọmọbìnrin àwọn ṣe máa rí ìhòhò àwọn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

"O sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, àbí?" Mo wo ọ̀gá mi. Mo rò pé mo ti mú ẹran.

"Ta ló rí i?" ni wọ́n fèsì.

"Èmi rí i lórí fóònù nígbà tó ṣí i," Nọ́ọ̀sì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó juwọ́ sí mi, ó lọ sílé. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má dààmú ẹ̀. Òun nìkan ló ń mú Bàbá rẹ́rìn-ín."

Mo dá gèlè padà fún onígèlè. Ẹran mi ti sá lọ.

Ọ̀gá mi ti ń wo kámẹ́rà náà láti ìsàlẹ̀. "Mi ò rí wáyà iná lára rẹ̀. Níbo ló ti ń rí iná?"

Ìyá Wáyà ló fèsì láti ẹnu ọ̀nà. "Inú wáyà búlúù yẹn kan náà ni, mà. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà ní pálọ̀ ilé iwájú ló ń fi iná ránṣẹ́ síbẹ̀. Iná àti àwòrán jọ ń gba ojú ọ̀nà kan ni."

"Tí wáyà bá wá burú?"

"Iná á máa rẹ̀ lójú ọ̀nà, pàápàá tí ibi tó ń lọ bá jìn. Èyí tó máa dé ibẹ̀ á kéré."

"Kí ni kámẹ́rà ń ṣe lóru tí kì í ṣe lọ́sàn-án?" Ẹnikẹ́ni nínú wa kọ́ ni wọ́n ń bi. Ara wọn ni wọ́n ń bi. Wọ́n tún bi ara wọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá rìn lọ sídìí fèrèsé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ mú fóònù yín jáde. Sájẹ́ǹtì, ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n fa kọ́tìnì. Yàrá ṣú ní ọ̀sán gangan. Ní ojú kámẹ́rà, àwọn iná kéékèèké kan pọ́n wẹ́rẹ́, irú èyí tí ojú ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí. Àwòrán tó wà lórí fóònù di dúdú òun funfun, ó dúró díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì lọ.

Wọ́n ṣí kọ́tìnì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwòrán padà dé. Wọ́n tún fà á. Ó tún lọ.

"Àwọn iná kékeré yẹn ló fi ń ríran nínú òkùnkùn," ni wọ́n wí. "Agbára tó fi ń tàn wọ́n ni wáyà yìí kò lè gbé. Tí ojúmọ́ bá wà, kò sí ẹni tó máa mọ̀."

"Ẹ ò wá rí i!" Ohùn ọkùnrin ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àbíkẹ́yìn Bàbá ló wọlé, ọ̀dọ́kùnrin tó rù, tó ń gbé nílé iwájú, tó sì ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ dá àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ kan lóhùn láti inú yàrá. "Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé wáyà ayédèrú ni. Obìnrin yìí ló pa bàbá wa."

Ìyá Wáyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀. A wá síbẹ̀ láti tú okùn ọrùn obìnrin náà, àwa la tún wá fún un pọ̀.

*

Ọ̀gá mi kò wò ó. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń wò.

"Ìwọ lo họ wáyà yẹn. Ta ló kọ́ ọ pé wọ́n ń họ wáyà kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́ ayédèrú?"

"Mo wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, mà."

"Bàbá rẹ kú láàárọ̀. Ìyá Wáyà wà ní àtìmọ́lé kí ọjọ́ kejì tó pé. Láàrin ìyẹn, wáyà lọkàn rẹ lọ sí? Kì í ṣe ẹsẹ̀ ibùsùn, kì í ṣe kọ́ọ̀bù omi?"

"Mo… mo kàn rò ó bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dára." Wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n gun àga. Mo fẹ́ràn wọn gan-an fún bàtà tí wọ́n bọ́ yẹn. Wọ́n yọ wáyà lẹ́nu kámẹ́rà, wọ́n sì yí fìlà pupa orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. "Ìyá Wáyà, dìde wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ó dìde tipátipá. Ó gba ẹnu wáyà náà, ó sì fi àtàǹpàkò ra abẹ́ fìlà náà. Ó tún fọwọ́ ra á.

"Wọ́n là á," ó wí.

"Kí ni wọ́n là?"

"Fìlà yìí, mà. Wọ́n fi abẹ la ikùn rẹ̀, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Èmi kọ́ ni mo ṣe èyí." Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Fìlà la máa ń kọ́kọ́ fi wọ wáyà, kí a tó wá fi orí sí i, ike tó ń wọnú kámẹ́rà. Tí orí bá ti wà níbẹ̀, fìlà kò gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó bá gbàgbé, orí ló máa gé dànù, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti wọ bàtà kí ó tó rántí ṣòkòtò, ṣé ṣòkòtò ló máa là ni?"

"Ìwọ ò lè gbàgbé?"

"Mo máa ń gbàgbé dáadáa, mà. Ṣùgbọ́n Bàbá ò jẹ́ kí n gbàgbé níhìn-ín. Tí mo bá ti na ọwọ́ sí orí wáyà báyìí, wọ́n á ní, 'Fìlà ńkọ́?' Wọ́n á wá nà án sí mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "'Fìlà ńkọ́, ọmọ mi?' Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí a fi parí."

Ó wá yé èmi olórí kunkun náà. Ẹlòmíràn ló fi orí sí wáyà yìí. Ẹni náà sì fẹ́ kí ó jọ iṣẹ́ Ìyá Wáyà, ó wá gbàgbé fìlà, ọ̀lẹ kò sì jẹ́ kí ó tún un ṣe.

"Wáyà tìrẹ, ibo ló gbà?" ọ̀gá mi bi í.

"Láti pálọ̀, mà. Ó gba orí àjà yàrá àbúrò Nọ́ọ̀sì kọjá, ó wá sọdá àgbàlá."

Ọ̀gá mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga. "Àbíkẹ́yìn, kí ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọ kọ̀ǹpútà rẹ?"

"Wáìfáì ni, mà."

"Ta ló rí i?"

A sọdá àgbàlá.

*

Nínú yàrá Àbíkẹ́yìn, ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ ló wà. Wáyà búlúù kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà, ó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, kò dé fìlà kankan. Ìyá Wáyà gé orí rẹ̀, ó ṣí èèpo. Àgbélébùú ike funfun wà láàrin. Ọ̀gá mi họ okùn kan. Ó pupa dé inú.

Àbíkẹ́yìn jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. Gbohùngbohùn tó máa ń dé sí etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni, mà. Ohùn mi máa ń gé tí mo bá ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ ní tó bá tún gé, kí n wáṣẹ́ mìíràn. Mo lọ ra wáyà lọ́jà. Ẹni tó tà á ló sọ fún mi pé tí mo bá họ ọ́, màá rí funfun, pé ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Mo lò ó, ohùn mi ṣì ń gé. Mo wá wò ó pé ti Bàbá dára. Mo fa tiwọn wá sọ́dọ̀ mi, mo fi tèmi sọ́dọ̀ wọn."

"O mọ èyí tó dára, o mọ èyí tí kò dára," ọ̀gá mi wí. "Kí ló dé tó jẹ́ pé tiwọn lo mú?"

"Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́, mà. Bàbá kàn ń dùbúlẹ̀ ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́.

"Mo dán an wò!" ó sáré sọ. "Lọ́sàn-án ni. Bàbá juwọ́ sí kámẹ́rà, àǹtí mi sì rí wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè!"

"Mo rí wọn," Nọ́ọ̀sì wí. "O ní o tún kámẹ́rà Bàbá ṣe. Mo tiẹ̀ kí ẹ pé o kú iṣẹ́."

"Nígbà tí Bàbá kú," ọ̀gá mi bi í, "kí ló wá sí ọ lọ́kàn?"

"Mo mọ̀ pé wáyà mi ni."

"O sì gé e wá fún wa, o ní obìnrin yìí ni."

"Mo rò pé ẹ kàn máa bá a wí ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa tì í mọ́lé."

"Ìjẹta lo ti mọ̀."

Mo yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Wáyà. Mo ní kí ó má bínú. Ó ní kò burú, ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn ẹni tó ti burú fún.

"Wáyà tí o pààrọ̀, ìmọtara-ẹni-nìkan òun àìmọ̀ ni," ọ̀gá mi sọ fún ọmọkùnrin náà. "Adájọ́ ló máa mọ ibi tó máa gbé ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n irọ́ tó o pa mọ́ obìnrin yìí, ojú rẹ là sílẹ̀ kedere nígbà tí o pa á."

Nọ́ọ̀sì ló dá wa dúró nígbà tí mo fẹ́ mú un jáde. Kò pariwo, kò gbá a létí, bẹ́ẹ̀ mo ti yẹra kí ó lè ráyè gbá a.

"Lóru ọjọ́ náà, ibo lo wà?"

"Mo wà níbí, àǹtí mi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Pẹ̀lú nǹkan yìí létí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn tí wọ́n bá pè?"

Ó wo ilẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. "'Ẹ kú àbọ̀. Báwo ni mo ṣe lè ràn yín lọ́wọ́?'"

"Títí ilẹ̀ fi mọ́?"

"Títí ilẹ̀ fi mọ́."

Mo mú un lọ sínú ọkọ̀.

*

Nígbà tí mo padà wọlé, mo rò pé màá bá Ìyá Wáyà ní ẹnu ọ̀nà, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Orí àjà ni mo ti gbọ́ ìró rẹ̀. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. A ti gba wáyà ayédèrú náà fún ẹ̀rí, ó sì ń fa tirẹ̀ padà sí ibi tó fi í sí tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ní kí o ṣe é?" mo bi í. "Kò sí ẹnikẹ́ni ní yàrá yẹn mọ́."

"Mo mọ̀, sà. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò ní fi í sílẹ̀ báyìí kí àwọn èèyàn máa sọ pé èmi ni mo ṣe é."

Ó dé yàrá Bàbá, ó gun àga, ó bó ẹnu wáyà, ó to àwọn okùn rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀. Ó wá na ọwọ́ sí ike orí wáyà tó wà lórí pèpéle.

"Fìlà ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́. Ó dúró nísàlẹ̀, fìlà pupa kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ti rí i nínú dúrọ́ọ̀ Bàbá láàrin àwọn irinṣẹ́ aago. Ìyá Wáyà wò ó pẹ́. Ó gba fìlà náà, ó fi wọ wáyà, ó sì fi orí tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì kò sọ nǹkan kan fún ara wọn, n kò sì rò pé ìdáríjì ni. Bóyá lọ́jọ́ mìíràn.

Ọ̀gá mi fa kọ́tìnì. Àwọn iná kéékèèké náà pọ́n lójú kámẹ́rà, wọ́n mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Gbogbo wa yí fóònù Nọ́ọ̀sì ká, a ń dúró de ìgbà tí àwòrán máa gbọ̀n.

Kò gbọ̀n. Ó mọ́ débi pé a rí kọ́ọ̀bù omi lórí pèpéle, a rí ihò kékeré kan lára aṣọ ibùsùn, a sì ń gbọ́ ìró aago láti inú fóònù. Nọ́ọ̀sì gbé e súnmọ́ ojú, ó ń wo ibùsùn tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Ọ̀gá mi fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí a máa lọ, a sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.